Ẹ Fi Ìyẹ́ Kàn Mí Wò

Ògúndáre afíngbá kì í ṣe ẹni tí ń tètè gba ohun tí wọ́n bá sọ fún un. Bí oníbàárà bá ní ọnà ara igbá kan kò gún, Ògúndáre yóò gbé igbá náà lé orí eékún, yóò fi okùn yí i ká, yóò sì wọn ọnà náà láti etí kan dé èkejì lójú oníbàárà. Bí ó bá gún, yóò ní, "Ojú ló tàn yín. Ojú kì í ṣe òṣùwọ̀n." Bí kò bá gún, yóò fọ́ igbá náà mọ́lẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn láìbínú. Ìwà yìí ló mú kí àwọn ará agboolé wọn ní Ọ̀yọ́ máa pè é ní Olóríkunkun bí kò bá sí nítòsí. Òun náà ló sì mú kí àwọn ìyá tí ń múra àtisin ọmọ relé ọkọ máa wá a kiri ní Ọjà Akẹ̀sán, níbi tí Àkànkẹ́ ìyàwó rẹ̀ ń pàtẹ igbá sí.

Nígbà náà àwọn òyìnbó ti fìdí kalẹ̀ ní Ọ̀yọ́. Ajẹ́lẹ̀ wọn ti kọ́lé, àwọn akódà ń jíṣẹ́ fún un, àwọn wolé-wolé sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í ti agboolé kan bọ́ sí òmíràn, tí wọ́n ń yọjú wo ìkòkò omi bóyá tanwíji wà nínú rẹ̀, tí wọ́n ń wo ẹ̀yìnkùlé bóyá wọ́n gbá a. Àwọn èèyàn kò fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n wọ́n bẹ̀rù wọn, nítorí ẹni tí wolé-wolé bá fi ọ̀pá tọ́ka sí, kótù ló ń gbà lọ.

Inú ọyẹ́ ni àmì kan jáde sí apá òsì Ògúndáre, lókè ọrùn ọwọ́ díẹ̀. Ó kọ́kọ́ kéré bí owó ẹyọ, ó funfun ju ara yòókù lọ, bí ìgbà tí eérú ta síni lára. Nígbà tí ọyẹ́ fi ń kásẹ̀ nílẹ̀, ó ti fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Kò dùn ún, kò sì dí i lọ́wọ́ iṣẹ́. Ó ń fi àdí pa á bí ó bá rántí, bí kò bá rántí, ó ń fín igbá rẹ̀ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wolé-wolé kan tí ń jẹ́ Adébáyọ̀ wọ agboolé náà. Àlejò ni ní Ọ̀yọ́, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e wá ni. Ó wọ ṣòkòtò kákí, ó dé fìlà pupa, ọ̀pá rẹ̀ sì gùn. Ó ti yẹ ìkòkò omi wò tán, ó ń jáde lọ, ni ó rí Ògúndáre tó jókòó sí ìdí odi, tó na apá òsì láti fi di igbá mú. Ó dúró.

"Ìwọ, na apá yẹn síwájú kí n rí i."

Ògúndáre dàgbà ju Adébáyọ̀ lọ dáadáa. Ó wo ẹnu tó ń pe òun ní ìwọ, ó sì na apá náà.

"Kí ni funfun yìí?"

"Ara mi ni. Ọyẹ́ ló mú un wá. Bó bá yá, yóò bá ọyẹ́ lọ."

Adébáyọ̀ na ọ̀pá rẹ̀ sí àmì náà, kò jẹ́ kó kàn án. Lẹ́yìn náà ó yíjú sí àwọn obìnrin tí ń fọ igbá nínú àgbàlá. "Ẹ̀tẹ̀ nìyí. Ẹ má bá a bu omi nínú ìkòkò kan náà mọ́."

Àwọn àgbà kì í pe àrùn yẹn lórúkọ ní gbangba. Àrùn ńlá ni wọ́n ń pè é, wọ́n á sì rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n tó pè é bẹ́ẹ̀. Adébáyọ̀ pè é bí ẹni pe orúkọ ewúrẹ́. Kí oòrùn tó kan àtàrí, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Ọjà Akẹ̀sán ni ọ̀rọ̀ náà ti kọ́kọ́ ta bá wọn. Obìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ìyá Hajarat ti ní kí Ògúndáre fín gbogbo igbá ẹrù ìyàwó fún ọmọ òun. Ó kó wọn padà wá. Kò bú Àkànkẹ́, kò sì pariwo. Kò kàn gbé igbá náà lé e lọ́wọ́ ni. Ilẹ̀ ló kó wọn sí, ó fi etí aṣọ rẹ̀ nu ọwọ́ méjèèjì, ó ní, "Má bínú sí mi," ó sì lọ. Àwọn mìíràn tẹ̀ lé e. Nígbà tí ọjà tú, igbá tó wà níwájú Àkànkẹ́ pọ̀ ju èyí tó gbé wá lọ.

Baálé agboolé náà ni Bámgbóṣé, àbúrò bàbá Ògúndáre. Òun ló tọ́ Ògúndáre nígbà tí bàbá rẹ̀ kú. Ó pe ìpàdé, wọ́n jókòó, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ láàárín ara wọn àti Ògúndáre, àyè tí ẹni méjì lè jókòó sí.

"Ògúndáre, ọmọ mi ni ọ́," ni Baálé wí. "Èmi ni mo fi ọ̀bẹ ìfíngbá lé ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ilé yìí kún fún ọmọ wẹ́wẹ́. Wolé-wolé ní bí o kò bá jáde, èmi ni òun yóò gbé lọ sí kótù. A ó kọ́ ahéré fún ọ lẹ́yìn odi ìlú. A ó máa gbé oúnjẹ sí ojú ọ̀nà fún ọ."

"Bí ẹ ṣe ń gbé e fún ajá."

"Má sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá, ta ló fọwọ́ kàn mí nínú yín kó tó mọ̀ pé àrùn ńlá ni? Wolé-wolé fi ojú wò mí, ẹ̀yin náà fi ojú wò mí. Igbá lásán, n kì í fi ojú dá ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ wá fẹ́ fi ojú dá ẹjọ́ ènìyàn."

Àgbàlagbà kan tí ń ṣe ìṣègùn fún agboolé náà, Àlàbí ni orúkọ rẹ̀, wú ikọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ náà kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹran tí àrùn ńlá bá ti wọ̀ kì í mọ ọ̀bẹ lára. Kí Ògúndáre na apá, kí òun fi abẹ bù ú níbi tó funfun yẹn, kó sì jìn dáadáa. Bí ó bá ké, kò lárùn. Bí kò bá ké, gbogbo ayé ti rí i.

Ògúndáre kó apá rẹ̀ mọ́ àyà.

"Bí mo bá ké, kí ni ẹ ó fi dí ojú ọgbẹ́ náà? Apá yìí ni mo fi ń di igbá mú. Iṣan tó gbé ìka mi ró, abẹ́ ibẹ̀ ló gbà kọjá. Ẹ ó ti bà mí jẹ́ tán kí ẹ tó mọ̀ pé n kò bàjẹ́. N kò gbà. Ẹni tó bá mú abẹ wá sí ọ̀dọ̀ mi, ìjà ni yóò bá pàdé."

Ariwo sọ. Láàárín ariwo náà ni Àkànkẹ́ sọ̀rọ̀ láti ẹnu ọ̀nà, níbi tí a kì í ti retí pé kí ìyàwó ilé sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀ kó tó la ẹnu, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ kò kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Obìnrin kan tí ń ti Ògbómọ̀ṣọ́ gbé ẹ̀gúsí wá sí Akẹ̀sán sọ fún mi pé àwọn mísọ́nnárì tó ń ṣe ìwòsàn níbẹ̀ mọ ọ̀nà tí wọ́n fi ń dá àrùn ńlá mọ̀. Wọn kì í gé èèyàn. Wọ́n kàn ń fọwọ́ bà á ni. Ẹ jẹ́ kí á lọ."

Bámgbóṣé ronú títí. Lójú rẹ̀, ohun tó lè mú ọmọ náà jáde kúrò nílé láìsí ìjà dára. "Ẹ lọ," ló wí. "Bí oṣù tuntun bá lé tí ẹ kò mú ẹ̀rí dé, ẹ má wọ ilé yìí mọ́."

"Bí mo bá mú un dé ńkọ́?" ni Ògúndáre bi í.

Baálé mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó sì wọlé lọ.

Wọ́n fi Ṣàngówùnmí ọmọ wọn sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá Àkànkẹ́, wọ́n sì gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́. Àkànkẹ́ ru igbá tí yóò tà lọ́hùn-ún. Ó ti bẹ ọkọ rẹ̀ pé kó wọ ẹ̀wù tí apá rẹ̀ gùn, kí àwọn èrò ọ̀nà má baà máa wò ó. Èyí tí kò lápá rárá ni ọkùnrin náà wọ̀. Gbogbo ẹni tó pàdé ló ń kí sókè, àwọn tó mọ̀ ọ́n tí wọ́n yà sínú igbó fún un náà kò sì bọ́ lọ́wọ́ ìkíni. Yóò dúró, yóò kọjú sí igbó, yóò ní, "Ẹ kú ìrìn o," títí onítọ̀hún yóò fi dáhùn.

"Ẹ ń dójú tì wọ́n lásán," ni Àkànkẹ́ wí, ó sì fẹ́ rẹ́rìn-ín.

"Kì í ṣe lásán."

Ní ọjọ́ kejì ni wọ́n bá ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Gàfárù nídìí igi òrí kan. Ó jókòó nìkan, ó ká ọwọ́ méjèèjì pa mọ́ abẹ́ aṣọ. Ó kí wọn, ó sì na ọwọ́ kan jáde, ó béèrè omi. Àkànkẹ́ rí i pé ìka rẹ̀ kan ti kákò, ni ó bá fà sẹ́yìn. Ògúndáre sọ ẹrù kalẹ̀, ó mú igbá kan, ó bu omi láti inú akèrègbè wọn, ó sì gbé e lé ọkùnrin náà lọ́wọ́. Kò gbé e sílẹ̀.

Gàfárù mu omi náà tán kí ó tó sọ̀rọ̀. Ará Ìsẹ́yìn ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sí ọrùn agbádá. Ó ti mọṣẹ́ náà débi pé àwọn àlùfáà ń ti ọ̀nà jínjìn wá bá a. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wà lára aṣọ oníbàárà. Abẹ́rẹ́ ń gún un, kò sì mọ̀. Àwọn èèyàn rẹ̀ kò lé e. Wọ́n kàn dẹ́kun jíjókòó tì í ni, títí ó fi dìde fúnra rẹ̀. Wọ́n ti sọ ti àwọn mísọ́nnárì Ògbómọ̀ṣọ́ fún òun náà, ṣùgbọ́n láti ibi tó dé yìí, ẹ̀rù kò jẹ́ kó lè lọ síwájú.

"Dìde, ká máa lọ," ni Ògúndáre wí.

Àkànkẹ́ fa ọkọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bàbá Ṣàngówùnmí, a kò tíì mọ̀ bóyá tiyín kì í ṣe òun, ẹ tún fẹ́ fi ti ẹlòmíràn kún un?"

"Bí mo bá sá fún un, ohun tí wọ́n ṣe sí mi ní Ọ̀yọ́ tọ́ nìyẹn. N kò lè jẹ́ kó tọ́."

Nígbà tí wọ́n dáná níbi tí wọ́n sùn sí, Gàfárù fi ìka yọ iṣu láti inú ẹyín iná, ó gbé e dání, ó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lọ bí ẹni tó di òkúta tútù mú. Ògúndáre gba iṣu náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì yára sọ ọ́ sílẹ̀, nítorí ó jó o. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó pọ́n, ó wo ti Gàfárù. Ohun kan tutù nínú rẹ̀, kò sì mọ̀ bóyá ìdùnnú ni tàbí ìbànújẹ́.

Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ Ọjà Igbó wọ Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n béèrè ọ̀nà, wọ́n sì dé ilé ìwòsàn àwọn mísọ́nnárì. Èrò pọ̀ níwájú rẹ̀. Dókítà òyìnbó ibẹ̀ gbọ́ Yorùbá díẹ̀, ṣùgbọ́n obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kan tí ń jẹ́ Grace ló ń bá àwọn aláìsàn sọ̀rọ̀. Ó ti pẹ́ tó ti ń bá wọn ṣiṣẹ́, ó sì máa ń wo ojú ènìyàn bí ó bá ń sọ̀rọ̀.

Kí wọ́n tó ní kí Ògúndáre jókòó ló ti la ẹnu. "N kò wá kí ẹ gé mi o."

"A kò ní gé yín," ni Grace wí. "Kò sí ọ̀bẹ nínú iṣẹ́ yìí, kò sí abẹ́rẹ́." Ó ṣí àpótí kan, ó sì mú ìyẹ́ adìyẹ jáde.

Ògúndáre wo ìyẹ́ náà, ó wo Grace. "Mo ti Ọ̀yọ́ rìn dé ibí. Ṣé ẹ fẹ́ fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Ẹ gbọ́. Àrùn ńlá kì í kọ́kọ́ jẹ ìka. Ohun tí ara fi ń mọ nǹkan ló kọ́kọ́ ń jẹ. Ibi tó bá ti wọ̀, ara ibẹ̀ á kú sí ohun tó fẹ́lẹ́, kódà bí ẹran rẹ̀ ṣì dára lójú. Nítorí náà, ohun tó fẹ́lẹ́ jù la fi ń wá a. A ó di ojú yín. N ó máa fi ìyẹ́ yìí kàn yín lọ́kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ẹ bá ti gbọ́ ọ lára, ẹ fi ìka kan ibẹ̀. Bí ẹ kò bá gbọ́ nǹkan, ẹ má ṣàdédé na ìka."

Wọ́n fi aṣọ di ojú rẹ̀. Òkùnkùn dé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ohun gbogbo: ọmọ tó ń sunkún níta, òórùn oògùn, mímí Àkànkẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Nǹkan kan kàn án lọ́rùn. Ó fi ìka kan ibẹ̀. Lẹ́yìn etí. Ó kan ibẹ̀. Ìgbọ̀nwọ́. Ẹ̀yìn ọwọ́ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ìyẹ́ náà dáwọ́ dúró fún ìgbà díẹ̀, Ògúndáre sì mọ ibi tó ń bọ̀. Nígbà tó dé, ó fẹ́lẹ́ bí eṣinṣin tó fẹ́ bà tí kò tíì bà. Ògúndáre fi ìka lé àárín àmì funfun náà gan-an.

Kò tán síbẹ̀. Grace gbé ìgò kékeré méjì tó dé ní ìdérí lé apá rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, omi gbígbóná wà nínú ọ̀kan, tútù wà nínú èkejì, ó sì ń bi í pé èwo nìyí, èwo nìyí. Kò ṣì í. Dókítà wá bọ́ síwájú, ó fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀yìn ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, níbi tó jẹ́ pé bí a bá fi gbá nǹkan, ọwọ́ á máa ta. Okùn iṣan kan wà níbẹ̀, ni Grace ṣàlàyé, tó máa ń le bí igbà tí wọ́n fi ń gun ọ̀pẹ bí ó bá jẹ́ àrùn ńlá ni. Tirẹ̀ rọ̀.

Dókítà sọ̀rọ̀. Grace tú aṣọ ojú rẹ̀. "Kì í ṣe òun. Ọmọ ìyá làpálàpá kan ni, èyí tó máa ń ṣí àwọ̀ ara. A ó fún yín ní ìpara."

Àkànkẹ́ bú sẹ́kún. Ògúndáre kò mira. "Ẹ tún un ṣe," ló wí.

"Ẹ kò gbà wá gbọ́ ni?"

"Mo gbà yín gbọ́. Àwọn tó lé mi ni kò ní í gbà. Ẹ fún ìyàwó mi ní ìyẹ́ náà, kí òun náà ṣe é, kí ó mọ̀ ọ́n ṣe."

Láti ọjọ́ tí wolé-wolé ti sọ̀rọ̀, Àkànkẹ́ kò tíì fọwọ́ kan apá òsì ọkọ rẹ̀. Ó gba ìyẹ́ lọ́wọ́ Grace. Ìyẹ́ náà ń fò lára ọkùnrin náà bí labalábá, síbẹ̀ gbogbo ibi tó bà ni ọkùnrin náà ń mọ̀. Nígbà tó dé ojú àmì náà, obìnrin náà ju ìyẹ́ sílẹ̀, ó sì fi gbogbo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ bò ó.

Ó wá kan Gàfárù. Wọ́n di ojú rẹ̀, Grace sọ bí yóò ti ṣe fún un, Gàfárù sì na ìka sókè, ó ń dúró. Ìyẹ́ kan ọrùn rẹ̀, ó mọ̀ ọ́n. Ó kan èjìká, ó mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn náà ó bọ́ sí apá. Ó gba apá sọ̀ kalẹ̀, ó rìn lórí ẹ̀yìn ọwọ́, ó rìn lórí ìka lọ́kọ̀ọ̀kan, ó padà sókè. Ìka tí Gàfárù nà kò kúrò níbi tó wà.

"Ẹ jọ̀ọ́," ni Gàfárù wí, "ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ni?"

Ògúndáre tó dúró níwájú rẹ̀ rí ìyẹ́ náà lórí ọwọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ pé títí tí òun yóò fi kú, òun kò ní í gbàgbé ìbéèrè yẹn.

Wọ́n gba Gàfárù sílẹ̀. Ilẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n ní kó kọ́ ahéré sí. Òróró kan wà tó ń ti òkè òkun wá tí wọn yóò máa fún un. Grace kò purọ́ fún un. Ó ní àwọn kan ara wọn dá díẹ̀, àwọn kan kò dá. Kó máa wo ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ láràárọ̀ bóyá ó ti ṣèṣe láìmọ̀.

Dókítà fẹ́ kọ ìwé tí Ògúndáre yóò mú lọ fún wolé-wolé. Ògúndáre kọ̀.

"Ta ni yóò kà á nílé wa? Ẹni tó fi mí sùn nìkan ló mọ̀wé. Ọ̀rọ̀ ara mi, n kò ní í dúró kí ó máa kà á fún àwọn èèyàn mi bó bá ṣe wù ú. Ẹ fún mi ní ìyẹ́ kan. Gbogbo wọn ló lè ka ìyẹ́."

Dókítà rẹ́rìn-ín nígbà tí Grace túmọ̀ rẹ̀ fún un. Ó ní kó mú èyí tó bá wù ú.

Gàfárù sìn wọ́n dé etí ọ̀nà. "Ẹ lọ ní àlàáfíà," ló wí. "Bí wọ́n bá bi yín, ẹ ní ẹ kò mọ̀ mí rí. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. N kò ní í bínú."

"N kò purọ́ nítorí ara mi," ni Ògúndáre dáhùn. "Ṣé nítorí rẹ ni n ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í pa á?"

Ọjọ́ ọjà ni wọ́n wọ Ọ̀yọ́, oṣù tuntun kò sì tíì lé. Ògúndáre kò gba ilé lọ. Akẹ̀sán ló gbà lọ tààrà, ó tẹ́ ẹní sí ibi tí Àkànkẹ́ máa ń pàtẹ sí, ó jókòó, ó sì ránṣẹ́ pe Baálé. Àwọn tó wà nítòsí kó ọjà wọn sún sẹ́yìn. Ó bọ́ ẹ̀wù kúrò lọ́rùn, ó ní kí Àkànkẹ́ fi gèlè di òun lójú.

"Ẹ̀yin ará ọjà, ẹ kú ọjà o. Èmi ni Ògúndáre tí wọ́n ní ó lárùn ńlá. Wọ́n ní kí wọ́n fi abẹ bù mí kí wọ́n fi mọ̀. Mo ti lọ ibi tí wọ́n ti ń mọ̀ ọ́n láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyẹ́ nìyí. Ẹni tí àrùn ńlá bá ti wọ̀ lára kò ní í mọ̀ ọ́n níbẹ̀. Ẹ wá, ẹ fi ìyẹ́ kàn mí wò. Ibi tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ fi kàn."

Kò sí ẹni tó dìde. Ó jókòó nínú òkùnkùn gèlè náà, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kẹ́lẹ́ sí ara wọn. Oòrùn ń ta á lẹ́yìn. Ó lè jókòó bẹ́ẹ̀ di ọ̀la, ó sì ti pinnu rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó gbọ́ ìró ọ̀pá ìtìlẹ̀ tó mọ̀. Bámgbóṣé ti dé. Àkànkẹ́ kúnlẹ̀ fún un, ó sì gbé ìyẹ́ lé e lọ́wọ́. Àgbàlagbà náà fi kan èjìká, Ògúndáre mọ̀ ọ́n. Ó kan eékún, ó mọ̀ ọ́n. Ó na ìyẹ́ sún mọ́ àmì funfun náà, kò jẹ́ kó kàn án, ó sì bèèrè pé, "Èyí ńkọ́?"

"Ẹ kò tíì kàn mí, Bàbá."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Bámgbóṣé kò rẹ́rìn-ín. Ó rọra sọ ìyẹ́ kalẹ̀ sí àárín àmì náà. Ìka Ògúndáre sì bá a níbẹ̀ kí ó tó gbé e kúrò.

Àsìkò náà ni Adébáyọ̀ wolé-wolé la èrò kọjá. Ó bèèrè ẹni tó fún aláìsàn láyè láti wọ ọjà. Bámgbóṣé ní kó dúró kó wò. Ó dúró, ó wò. Lẹ́yìn náà ó gba ìyẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì dán an wò lápá, lẹ́yìn, ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ àmì náà. Kò yára, kò sì rẹ́ ẹ jẹ. Nígbà tó ṣe tán, ó gbé ìyẹ́ padà fún Àkànkẹ́.

"Wọ́n kọ́ mi láti máa wò," ló wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Wọn kò kọ́ mi láti máa fọwọ́ kàn. Kì í ṣe òun. Ẹ máa bá iṣẹ́ yín lọ." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó pe Ògúndáre ní ẹ̀yin.

Baálé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di apá òsì ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú. Ó kàn dì í mú ni, lójú gbogbo ọjà, ó sì pẹ́ kó tó fi í sílẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ náà ìbá ti tán síbẹ̀, gbogbo èèyàn ni inú rẹ̀ ìbá dùn. Ìyá Hajarat ti ń sún mọ́ tòsí, ó fẹ́ gba igbá ọmọ rẹ̀ padà. Ó fi ẹ̀rín bèèrè pé, "Bàbá Ṣàngówùnmí, ayé mà burú o. Wọ́n tilẹ̀ ní ẹ bá adẹ́tẹ̀ kan rìn lójú ọ̀nà. Irọ́ ni, àbí?"

Ògúndáre tú gèlè kúrò lójú. Ọjà náà mọ́lẹ̀ gbòò sí i. Ó rí ojú wọn bí wọ́n ti ń dúró de ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu rẹ̀, kí ọ̀rọ̀ náà lè parí síbẹ̀.

"Kì í ṣe irọ́," ló wí. "Gàfárù ni orúkọ rẹ̀. Ìyẹ́ tó dá mi láre yìí ló dá a lẹ́bi. Mo bá a rìn, mo fi igbá mi fún un ní omi mu, n ó sì tún lọ kí i. Ìlú tó lé mi nítorí ohun tí n kò ní, n kò ní í bá a lé ẹlòmíràn nítorí ohun tó ní."

"Ǹjẹ́ o mọ ohun tí ò ń sọ?" ni Bámgbóṣé wí.

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá. Bí ẹ bá fẹ́ lé mi lẹ́ẹ̀kejì, mo ti mọ ọ̀nà."

Àkànkẹ́ ká gèlè rẹ̀, ó sì wé e padà sórí. "Èmi náà bá a jẹun," ló wí fún Ìyá Hajarat. "Ṣé ẹ ó mú igbá yín, àbí ẹ kò ní í mú un?"

Ìyá Hajarat kò mú un lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀ ló tó padà wá. Àwọn kan wà tí kò padà títí ayé, wọ́n sì ń gba ẹ̀gbẹ́ kejì ọjà kọjá. Kò sí ẹni tó lé Ògúndáre jáde nílé. Ìpara Grace pa àmì náà rẹ́ díẹ̀díẹ̀, ó sì kù díẹ̀ tí kò lọ, ṣùgbọ́n Ògúndáre kò fi aṣọ bò ó lọ́jọ́ kan.

Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn ni òun àti Àkànkẹ́ ń gba ọ̀nà Ògbómọ̀ṣọ́ lọ. Òróró òkè òkun dá àrùn Gàfárù dúró, ṣùgbọ́n kò dá ohun tó ti lọ padà. Ìka rẹ̀ ń kúrú. Ó gbin ata àti ilá yí ahéré rẹ̀ ká, ó sì ń fi ọrùn ọwọ́ ṣe ohun tí ìka kò ṣe mọ́. Ní ọdún tí kò lè di igbá mú mọ́, Ògúndáre padà sí Ọ̀yọ́, ó yan igbá tó nípọn, ó lu ihò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì, ó fi awọ ewúrẹ́ ṣe ọ̀já sí i tí ọrùn ọwọ́ lè gbà wọlé. Lẹ́yìn náà ó jókòó láàárín Akẹ̀sán, ó ń fín ọnà sí i lára, irú èyí tí wọ́n ń fín sí igbá olówó.

Àwọn tó ń kọjá dúró wò ó. Wọn kò rí irú igbá bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ni ẹ ń fín èyí fún?" ni obìnrin kan bi í.

"Ọ̀rẹ́ mi kan tí kò ní ìka," ni Ògúndáre dáhùn, kò sì rẹ ohùn sílẹ̀. "Bí irú rẹ̀ bá wù yín, ẹ jókòó, kí a dúnàádúrà."